Èdè kọ̀ǹpútà tuntun ń jáde lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà èdè ló ṣì ń jọba láwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà: ohun tó fà á rèé o!

Ẹ gbọ́ ná, ta ló ṣì rántí ìgbà tí wọ́n gbowó ibodè kẹ́yìn ní Toll Gate, Ṣàngó-Ọ̀tà? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti ní kí wọ́n wó àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbowó lójú títì ìjọba àpapọ̀. Wọ́n wó wọn, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ dánfó láti Agége lónìí, ohun tí kọ́ńdọ́ máa pariwo náà ni "Toll Gate, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ọmọ tí wọn ò tí ì bí nígbà tí wọ́n wó ibẹ̀, tó ti gorí ogún ọdún báyìí, Toll Gate lòun náà ń pè é. Bí ẹnì kan bá sì gbé orúkọ tuntun tó dùn ju ìyẹn lọ dé lọ́la, ta ló máa bá a pè é? Ẹni tó bá pè é fún kọ́ńdọ́, ibi tí wọ́n máa já a sí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Toll Gate wá ni àríyànjiyàn kan tí kì í tán láàárín àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà. Láti Jójù dé Ojú-Ọ̀rẹ́, títí dé Ìyànà Ìyẹsí, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, àwọn òbí wọn sì ń fi owó oṣù tí ò tó nǹkan sanwó ẹ̀kọ́. Ìbéèrè tó ń dá ìjà sílẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: èwo ni kọ́mọ ó kọ́? Ẹni kan á ní Rust ló kù láyé. Ẹlòmíì á ní Java ti kú, C ti hewú, COBOL ti wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: láti ìgbà tí àwọn bàbá wọn ti wà ní kékeré ni wọ́n ti ń múra ìsìnkú COBOL, òkú náà ò sì wọ pósí títí dòní.

Ká tó lọ jìnnà, kí ló ń jẹ́ èdè kọ̀ǹpútà? Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó mọ̀ ò ju pé iná wà tàbí iná ò sí lọ. Ìdí nìyẹn táwọn ọ̀mọ̀wé fi ṣe èdè sáàárín, èyí tí èèyàn lè kọ, tí wọ́n á sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ. John Backus àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní IBM ló gbé Fortran jáde ní 1957. Ọdún 1959 ni ìpàdé tó bí COBOL wáyé ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí obìnrin ológun ojú omi kan, Grace Hopper, ti ṣe ṣáájú ni wọ́n sì mú ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Dennis Ritchie ṣe C ní Bell Labs ní 1972. Python jáde ní 1991, Java tẹ̀lé e ní 1995. Láti ìgbà náà, èdè tó ti jáde kọjá ohun téèyàn lè fi ìka kà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dáa, àwọn mìíràn tiẹ̀ dáa ju àwọn àgbà yìí lọ dáadáa. Síbẹ̀, àwọn àgbà díẹ̀ yìí náà ló di iṣẹ́ ayé mú. Kí ló dé?

Ìlú Ọ̀tà gan-an ló yẹ kéèyàn ti wá ìdáhùn. Ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ ń wo ara wọn lójú níbẹ̀. Covenant University ti wà níbẹ̀ láti 2002, Bells University of Technology dé ní 2005. Lápá kejì, àwọn iléeṣẹ́ tó ń pọn ọtí bíi Intercontinental Distillers wà níbẹ̀, àwọn tó ń yọ́ irin wà, àwọn tó ń ṣe ike, oògùn àti nǹkan jíjẹ wà. Lọ́dọọdún làwọn ọmọ yunifásítì ń wọ àwọn iléeṣẹ́ wá fún IT, ìyẹn ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ IT kan dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Laptop wà lápò rẹ̀, Python kún orí rẹ̀. Wọ́n á mú un dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń rọ nǹkan mímu sínú ìgò. Wọ́n á ṣí i, wáyà á kún inú rẹ̀ bí ìfun ewúrẹ́, àpótí kékeré kan á sì wà láàárín tí iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. PLC ni wọ́n ń pè é. Òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe á so laptop mọ́ ọn, ohun tó máa jáde á sì ya ọmọ náà lẹ́nu. Kò ní rí Python, kò ní rí Java. Àwòrán àkàbà ni yóò rí, irú àkàbà tí wọ́n fi ń gun òrùlé!

Bẹ́ẹ̀ ni, àkàbà. Ladder ni wọ́n ń pe èdè náà. Igi méjì dúró lápá ọ̀tún àti òsì, àwọn ìtẹ̀gùn sì wà láàárín wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo ló wà lórí ìtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Lápá òsì lẹ máa rí àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀: bí ìgò bá ti dé abẹ́ ẹnu páìpù, tí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ bá ti pa dé, tí ẹnikẹ́ni ò sì tẹ bọ́tìnnì pupa. Lápá ọ̀tún lẹ máa rí ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe: ṣí ẹnu páìpù. Bí ọ̀kan nínú tapá òsì bá kù, tapá ọ̀tún ò ní ṣẹlẹ̀. Ó parí.

Ibo ni irú èdè báyìí ti wá? Láyé ọjọ́un, wáyà àti àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń pè ní relay ni wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ iléeṣẹ́. Bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ bá fẹ́ yí irú ọkọ̀ tó ń ṣe padà, àfi kí wọ́n tú ọ̀kẹ́ àìmọye wáyà, kí wọ́n sì tún un so. Ó sú General Motors. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún 1968, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Dick Morley kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ nípa àpótí tí wọ́n lè yí àṣẹ inú rẹ̀ padà láìtú wáyà. Èyí tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, Modicon 084, jáde ní 1969. Wọ́n pè é ní 084 torí òun ni iṣẹ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin tí wọ́n dáwọ́ lé.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí o. Èdè kọ̀ǹpútà ti wà nígbà náà, Fortran ti ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa lo àpótí yìí kì í ṣe ọmọ kọ̀ǹpútà, oníṣẹ́ iná ni wọ́n. Àwòrán tí oníṣẹ́ iná sì ti ń fi ya wáyà relay tipẹ́ rí bí àkàbà. Àwòrán yẹn kan náà ni wọ́n sọ di èdè. Oníṣẹ́ iná ò ní láti padà sílé ìwé. Lọ́jọ́ tí àpótí náà dé lọ́jọ́ náà ló ti gbọ́ èdè rẹ̀.

Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ báyìí, àkàbà náà ò ṣubú. Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 1993, àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin nǹkan iná, IEC, kéde èdè márùn-ún fún PLC, àkàbà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òmíràn nínú wọn, Structured Text, jọ èdè tí ọmọ yunifásítì mọ̀, ó sì dáa ju àkàbà lọ fíìfíì bó bá di ìṣirò tó le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìdí ẹ̀rọ tó ń rọ nǹkan sínú ìgò, àkàbà náà lẹ ṣì máa bá pàdé jù. Kódà, ọ̀kan lára àwọn márùn-ún yẹn, Instruction List, ni wọ́n kọ́kọ́ pa tì: ní 2013 ni àjọ náà ti ní kí wọ́n yé e lò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí rẹ̀. Ẹ ronú aago méjì òru. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ṣàdédé dákẹ́. Ìgò ti tò lórí bẹ́líìtì, ohun tí wọ́n ti pò sílẹ̀ ń bàjẹ́ lọ, jẹnẹrétọ̀ ń mu dísù lásán. Ẹni tó wà níbẹ̀ láago yẹn kì í ṣe ẹni tó kọ́ èdè tuntun ní Lẹ́kí. Oníṣẹ́ iná tó ń gbé ní Ìjọkò ni. Súpáfáísọ̀ á dúró lé e lórí: "Bọ̀dá, kí ló ṣe é?" Bọ̀dá á so laptop mọ́ ọn, á wo àkàbà náà, á rí ìtẹ̀gùn tí iná ò kọjá lórí rẹ̀. "Ọ̀gá, ojú tó ń wo ìgò ló dọ̀tí." Wọ́n á nù ún, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àjẹ́ Ọ̀tà ló dá ẹ̀rọ dúró, ìdọ̀tí ni! Bó bá jẹ́ èdè tuntun tó dùn bí oyin ni wọ́n fi kọ ọ́, tí ẹni kan ṣoṣo tó gbọ́ ọ sì ń sùn ní Surulérè, àfi kí wọ́n dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́. Ta ló máa sanwó wákàtí mẹ́rin yẹn?

Ẹ wo ọkọ̀ Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ṣé òun ló dáa jù nínú gbogbo ọkọ̀ ayé ni? Rárá o. Mẹkáníìkì abẹ́ igi tó mọ̀ ọ́n tú pọ̀ lọ jàra, ẹ̀yà rẹ̀ sì wà láwọn ìlú tí ọkọ̀ mìíràn ò lórúkọ. Bó ṣe rí fún èdè kọ̀ǹpútà náà nìyẹn. Ẹni tó bá ra èdè, àwọn tó ń sọ ọ́ ló ń rà mọ́ ọn.

Ìdí kejì ni pé bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àṣẹ tó wà nínú ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kì í ṣe èyí tí Òyìnbó tó wá gbé e kalẹ̀ fi sílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé bí iná bá lọ tó sì dé lójijì, ẹ̀rọ ń fọ́ ìgò, wọ́n fi ìtẹ̀gùn kan kún un. Lọ́jọ́ mìíràn, ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ há, wọ́n fi òmíràn kún un. Gbogbo àkísà wọ̀nyẹn ò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ìyà kọ́ wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi èdè tuntun kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa kọ́kọ́ jẹ ìyà wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kejì kó tó dé ibi tí èyí àtijọ́ wà.

Ẹni tó bá sì rò pé àsọdùn la ń sọ, kó bi àwọn tó ń gbowó oṣù ní báńkì. Láàárín September sí October 2024, Sterling Bank, Zenith Bank àti GTBank pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tó wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Òótọ́ ni pé kì í ṣe èdè nìkan ni wọ́n pààrọ̀, odidi ètò ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rántí bí ariwo ṣe gba ìgboro: owó ò lọ, owó ò dé, app ò ṣí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. April 2018 ni báńkì TSB kó àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sórí ètò tuntun, àwọn tó tó mílíọ̀nù 1.9 ò sì rí àkáǹtì wọn wọ̀. Lọ́dún 2022, àwọn àjọ tó ń ṣàbójútó báńkì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé báńkì náà lórí. Ọ̀gá báńkì wo ló máa gbọ́ èyí tí kò ní rọra ṣe?

Ìdí nìyẹn tí COBOL ò fi kú. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí àìmọye èèyàn pàdánù iṣẹ́ l'Ámẹ́ríkà, ètò tó ń sanwó ìrànwọ́ fún wọn ní New Jersey kọ́wọ́. COBOL ni wọ́n fi kọ ọ́. Gómìnà Phil Murphy bọ́ síta ní April ọdún náà, ó ń bẹ àwọn tó gbọ́ COBOL kí wọ́n wá ṣèrànwọ́. Àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì làwọn èèyàn wá ń wá kiri! Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé èdè àtijọ́ ṣì ń gbé ẹrù tó wúwo. Èkejì ni pé bí àwọn tó gbọ́ ọ bá ń tán lọ, ẹrù náà lè já lu gbogbo ìlú lórí.

Torí náà, ká má fi ẹnu àgbà gbé àgbà gẹ̀gẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ewu wà nínú àtijọ́. Àwọn PLC kan wà tó jẹ́ pé bátìrì kékeré ló ń di àṣẹ inú wọn mú bí iná ò bá sí. Bí bátìrì yẹn bá kú lọ́jọ́ tí iná lọ, gbogbo àṣẹ á parẹ́ pátápátá. Bí iléeṣẹ́ ò bá ní ẹ̀dà rẹ̀ níbì kan, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ti padà sí Jámánì tàbí Íńdíà, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yà ara wọn ń wọ́n. PLC Siemens kan tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé, S7-300, tó jáde láàárín àwọn ọdún 1990, Siemens ti ń yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ láti 2023. Ogún ọdún kì í ṣe títí láé.

Ṣé èdè tuntun ò wá lè borí láéláé ni? Ó lè borí o, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Kotlin ò ní kí ẹnikẹ́ni da Java nù, wọ́n lè gbé nínú ilé kan náà, ìyẹn ló jẹ́ kí Google sọ ní 2019 pé òun lòun fẹ́ jù fún àwọn app Android. TypeScript tí Microsoft gbé jáde ní 2012 ṣe bẹ́ẹ̀ sí JavaScript. Àwọn wọ̀nyí wọlé bí ìyàwó tó mọ ìwà hù, wọn ò lé ìyáálé jáde.

Ti Rust tiẹ̀ dùn ún gbọ́. Graydon Hoare ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Àjà kọkànlélógún ló ń gbé ní Vancouver, ó délé lọ́jọ́ kan, ló bá di pé ètò kọ̀ǹpútà inú lift ti dà rú. Bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ gun òkè ló ń bínú pé kí ló dé téèyàn ò lè kọ ètò lift tí kò ní kú. Irú àṣìṣe ìrántí tí C máa ń gbà láyè wà lára ohun tó máa ń fa irú rẹ̀, òun ni Rust sì fẹ́ dènà. Ọdún 2015 ni Rust tó dúró dáadáa jáde. Ní December 2022, wọ́n gbà á wọ inú Linux, èyí tó wà nísàlẹ̀ fóònù Android ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: wọn ò tún Linux kọ. C ló ṣì kún inú rẹ̀, apá tuntun ni wọ́n gba Rust láyè láti kọ.

Ẹni tó bá tún ń jiyàn, kó wo Python fúnra rẹ̀. Ní December 2008, àwọn tó ni ín gbé Python 3 jáde, wọ́n ní káwọn èèyàn kúrò lórí Python 2. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Síbẹ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n tó lè ti ilẹ̀kùn Python 2. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Bó bá gba èdè kan tó ọdún mọ́kànlá láti kúrò nínú aṣọ ara rẹ̀, mélòó ló máa gba àlejò láti bọ́ aṣọ onílé?

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń sanwó, ẹ̀yin ọmọ IT, ibi tí a ń lọ nìyí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èdè kan ti kú, ẹ bi í pé ta ló ń tún ohun tí wọ́n ti fi kọ ṣe. Bó bá ní kẹ́ ẹ kọ́ tuntun, ẹ bi í pé iléeṣẹ́ wo nítòsí ló ń lò ó, mélòó ni wọ́n sì máa gbà síṣẹ́. Ọmọ tó bá kọ́ Python ò ṣìnà, ṣùgbọ́n bó bá fi àkàbà PLC kún un kó tó kúrò nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi í sí fún IT, ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ tó máa ṣí fún un á pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ẹ má dúró dọjọ́ tí bátìrì máa kú. Ẹ ṣe ẹ̀dà àṣẹ ẹ̀rọ yín sí ibi méjì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ iná tó ti dàgbà kọ́ àwọn ọmọ tuntun kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Èdè tí gbogbo èèyàn ti fi kọ́lé sí, ẹwà ẹlòmíì nìkan ò lè lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ bá sì ń lọ sílé lálẹ́ òní, tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti wó ibodè sílẹ̀ láti 2004, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún kọ́ńdọ́. "Toll Gate wà o!"